Òdiwọ̀n Ìfiránṣẹ́ àti Ìyára Sáfà ní Ilé-Ifẹ̀ ní Ìgbà Sátẹ́láìtì

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì Ilé-Ifẹ̀ láàárín ọdún 2000 sí 2009 ni pé ọ̀nà tóóró ni ó mú un falẹ̀. Òótọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n bébà yìí yóò fi hàn pé kò kárí ọ̀rọ̀ náà tán. Òdiwọ̀n tí a ṣètò sínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń pèsè fáìlì fún àwọn yòókù, ní ipa tirẹ̀.

Láàárín ọdún 1995 sí 1999 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń so kọ̀ǹpútà ọgbà rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ibùdó ìmọ̀ físíìsì ní Trieste, Ítálì. Lẹ́yìn tí wáyà abẹ́ òkun SAT-3 gúnlẹ̀ sí Èkó pàápàá, ọ̀pọ̀ ibi ṣì gbára lé sátẹ́láìtì. Kìlómítà 35,786 ni sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ fi ga. Ìbéèrè tí ó ti Ìrẹmọ lọ gbọ́dọ̀ gòkè kí ó sì sọ̀. Bákan náà ni èsì rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ti yára tó, àlọ àti àbọ̀ yìí kò lè dín ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá.

Nínú òfin TCP ti ọdún 1981, sáfà kò gbọdọ̀ fi ju báìtì 65,535 ránṣẹ́ kí ìròyìn pé wọ́n ti dé tó padà. Ó dà bí aláàárù tí ó gbọ́dọ̀ padà wá jíṣẹ́ kí a tó gbé ẹrù mìíràn rù ú. Nítorí náà, fáìlì kan kò lè gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ọ̀nà tilẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òdiwọ̀n bá jẹ́ báìtì 8,192, kò lè tó 140,000 bíìtì. Àtúnṣe ọdún 1992 fàyè gba òdiwọ̀n ńlá, bí ìhà méjèèjì bá ti fara mọ́ ọn.

Síbẹ̀, fífi òdiwọ̀n kún kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ní ọdún 1986, láàárín ibi méjì tí kò ju yáàdì 400 síra ní Berkeley, Amẹ́ríkà, àpọ̀jù ẹrù sọ ìyára di 40 bíìtì láti 32,000. Van Jacobson ṣàlàyé àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 1988.

Ní àkótán, nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí ọ̀nà ní ọ̀sán, òdiwọ̀n ńlá a máa fa ìtò gígùn. Ní òru, nígbà tí fáìlì kan ń dá rìn, òdiwọ̀n kékeré a máa fi ọ̀nà tí a fowó rà ṣòfò. Òpìtàn tí ó bá bèèrè bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bèèrè wákàtí àti òdiwọ̀n pẹ̀lú.