Iṣẹ́ Àgbàṣe Kékeré Lábẹ́ Òfin Ìrajà Ìjọba Nàìjíríà

Kì í ṣe gbogbo ọjà tí ìjọba fẹ́ rà ló nílò ìpolówó nínú ìwé ìròyìn. Òfin Ìrajà Ìjọba ọdún 2007, tí Ààrẹ Umaru Yar'Adua buwọ́ lù, fàyè gba ọ́fíìsì ìjọba láti béèrè iye owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, bí owó ọjà náà kò bá ti kọjá gbèdéke.

Ó kéré tán, ẹni mẹ́ta tí kò bára wọn tan ni wọn yóò bi. Bí ó bá ṣe àga ni wọ́n fẹ́ rà, wọ́n ní láti sọ bóyá owó ọkọ̀, owó ibodè àti owó orí wà nínú iye náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oníṣòwò ń dá iye lé e. Kò lè yí i padà, ọ́fíìsì kò sì gbọdọ̀ ná an. Èyí á ya ẹni tó ti mọ ọjà ná láti kékeré lẹ́nu! Ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n, tí iye tirẹ̀ sì kéré jù, ló ni iṣẹ́.

Àrékérekè tó wọ́pọ̀ ni pípín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kí owó rẹ̀ má bàa kọjá gbèdéke: kíkun yàrá ìkàwé mẹ́wàá á di ìwé iṣẹ́ mẹ́wàá. Abala 58 òfin náà ka èyí sí ọ̀ràn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá jẹ̀bi rẹ̀ á ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, láìsí àǹfààní owó ìtanràn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.