Aago Ọwọ́ àti Ọkùnrin tí ó Kó Irinṣẹ́ Pamọ́ sí Òkè Àjà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rí ẹni tí ó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ, ẹ kì í bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó kó aṣọ òfì àtijọ́ kún inú àpótí, ẹ ó ní ó mọ iyì ohun àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ènìyàn pé aago ọwọ́ ni èmi ń kó jọ, ìbéèrè kan náà ni wọn a máa bi mí: "Aago mélòó ni ọwọ́ kan lè so?" Àwọn tí ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ a tún fi kún un pé fóònù tí ó wà lápò mi mọ àkókò ju gbogbo aago mi lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Aago tí mo so mọ́ ọwọ́ bí mo ti ń kọ̀wé yìí a máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sáré jù lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni aago onírọ́bà tí wọ́n ń tà lórí àtẹ kì í fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣìnà láàárín ọjọ́ kan. Kí ni mo wá rí lára aago oníkẹ̀kẹ́ tí mo ń náwó lé e lórí? Inú ìtàn ni ìdáhùn wà, ìtàn náà ni mo sì fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tí ó lọ ra aago àtijọ́, owó ni yóò fi ṣòfò.

Ọwọ́ kọ́ ni aago ti bẹ̀rẹ̀. Inú àpò ni àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Òyìnbó ń fi í sí, wọn a sì fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ẹ̀wù. Ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin ni wọ́n ka èyí tí a ń so mọ́ ọwọ́ sí. Ní ọdún 1904, Louis Cartier ṣe aago ọwọ́ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Bràsíl tí ó ń fò lójú sánmà ìlú Paris, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìdarí ọkọ̀ òfuurufú kò lè máa ki ọwọ́ bọ àpò wá aago. Lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Ọmọ ogun tí ó wà nínú kòtò, tí wọ́n ní kí ó dìde ní agogo báyìí, kò ráyè ẹ̀wọ̀n àti àpò. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1918, kò sí ẹni tí ó tún lè pe aago ọwọ́ ní ọ̀ṣọ́ obìnrin mọ́.

Ọ̀tá aago ọwọ́ nígbà náà ni omi àti eruku. Hans Wilsdorf, ọmọ Jámánì tí ó dá ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Rolex sílẹ̀ ní London ní ọdún 1905, ni ó gbé aago tí ó pè ní Oyster jáde ní ọdún 1926. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí tí a fi ń yí i a máa wé mọ́ra bí ìdérí ìgò, kí omi má baà wọlé. Ní ọdún 1927, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mercedes Gleitze lúwẹ̀ẹ́ la omi tí ó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, ó tún padà sínú omi náà ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó sì gbé aago Oyster kan dání. Wilsdorf gba ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn Daily Mail láti fi polówó ọjà rẹ̀. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé obìnrin náà so aago mọ́ ọwọ́, ó sì lúwẹ̀ẹ́ dé òdì kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọrùn ni ó gbé e kọ́, òtútù omi kò sì jẹ́ kí ó parí ìlúwẹ̀ẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí; lẹ́yìn wákàtí tí ó lé ní mẹ́wàá ni wọ́n gbé e jáde. Aago náà kò kú, èyí sì tó láti yìn ín. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ẹni tí yóò kó aago jọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fi etí kan gbọ́ ìpolówó.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò níbẹ̀, kí á wá sí ọdún 1969, nítorí ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Kò sí ọdún tí ó dára tó o fún aago oníkẹ̀kẹ́, kò sì sí èyí tí ó burú tó o.

Nígbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń bá ara wọn du ohun kan. Aago kan wà tí ó ní bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí sáré, bí a bá tún un tẹ̀, yóò dúró, a ó sì mọ bí ẹlẹ́ṣin tàbí ẹni tí ń sáré ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Irú aago bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi ń yí i lójoojúmọ́. Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe èyí tí mímì ọwọ́ ẹni tí ó so ó yóò máa fún un ní agbára? Zenith, ní ìlú Le Locle lórí òkè ilẹ̀ Swítsàlandì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1962. Wọ́n rò pé yóò parí ní ọdún 1965 tí ilé iṣẹ́ wọn yóò pé 100 ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1969 ni wọ́n tó fi í han ayé, wọ́n sì pè é ní El Primero, èyí tí í ṣe "ẹni àkọ́kọ́" ní èdè Sípéènì. Ní oṣù Kẹta, Heuer, Breitling àti àwọn alábàáṣe wọn gbé tiwọn jáde. Kí ó tó di àárín ọdún, Seiko ti ń ta tiwọn, 6139, ní Jàpáànì, wọn kò tilẹ̀ pariwo rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí ni àwọn olólùfẹ́ aago ń jiyàn lórí ẹni tí ó ṣáájú. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ tà á fún ará ọjà ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò ní gbà fún mi.

Ìyanu El Primero ni bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti ń yára tó. Nínú aago oníkẹ̀kẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ká bí ẹní. Bí ó ti ń tú díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ti àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín, kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì ń mì síwá sẹ́yìn láti máa dá wọn dúró, láti máa tú wọn sílẹ̀. Ìyẹn ni ó ń dún kì-kì-kì tí a ń gbọ́. Ti El Primero a máa mì ní ìgbà 36,000 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó lè pín ìṣẹ́jú-àáyá sí ọ̀nà mẹ́wàá.

Oṣù Keje ọdún kan náà ni Buzz Aldrin so Omega Speedmaster mọ́ ọwọ́ rìn lórí òṣùpá. Ta ni ìbá rò pé aago oníkẹ̀kẹ́ ti fẹ́ wọ gàù? Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1969, Seiko gbé aago kan sórí àtẹ ní Tokyo tí ń jẹ́ Astron. Bátìrì ni ó ń lò, òkúta quartz tín-ín-tín kan sì ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ní ìgbà 8,192 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò ní fi ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ṣìnà láàárín oṣù kan. Owó rẹ̀ jẹ́ 450,000 yẹ́ẹ̀nì, èyí tí ó tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, nítorí náà àwọn ará Swítsàlandì kò bẹ̀rù rẹ̀ lọ títí. Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn náà mọ̀ ọ́n ṣe: láti ọdún 1967 ni àwọn onímọ̀ wọn ní Neuchâtel ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé ojú àmì. Wọ́n ní iṣu, wọ́n ní ọ̀bẹ, wọn kò tètè jẹun.

Kò pẹ́ tí owó aago oníbátìrì fi wálẹ̀. Ní ọdún 1970, nǹkan bí 90,000 ènìyàn ni ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ aago ní Swítsàlandì. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tí ó kù kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn lọ. Àwọn abúlé orí òkè tí bàbá ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí láti ìran dé ìran di ahoro ní ọ̀sán gangan.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti pàdé Charles Vermot. Òṣìṣẹ́ ni, ọ̀gá ni láàárín àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ El Primero. Ní ọdún 1971, Zenith bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Chicago, orúkọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ sì bára mu. Ní ọdún 1975, àṣẹ ti Amẹ́ríkà dé pé kí wọ́n ṣíwọ́ aago oníkẹ̀kẹ́, kí wọ́n ta irinṣẹ́ rẹ̀ ní owó irin àlòkù. Vermot kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn. Wọn kò gbà. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tí wọn kò rán an. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí, a máa kó àwọn irinṣẹ́ náà lọ sí òkè àjà ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ irin sí ìrísí, àwọn ọ̀bẹ ìgérin, àwòrán iṣẹ́. Ó fi àmì sí olúkúlùkù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń lò wọ́n àti èyí tí ó ṣáájú èkejì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Bí wọ́n bá mú un, iṣẹ́ ni ìbá pàdánù.

Àwọn ará Swítsàlandì ra Zenith padà ní ọdún 1978. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ El Primero ní ọdún 1984, owó tí wọn ìbá fi ṣe irinṣẹ́ titun kò ṣeé fẹnu sọ. Vermot mú wọn gun òkè àjà. Ní ọdún 1988, Rolex gan-an wá ra ẹ̀rọ náà láti fi sínú Daytona wọn. Wọ́n dín yíyára rẹ̀ kù sí 28,800, wọ́n tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó títí di ọdún 2000. Mo mọ̀ pé Swatch, aago oníke tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1983 pẹ̀lú ẹ̀yà 51 péré, ni ó fi oúnjẹ padà sẹ́nu ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. N kò ní fi ìyìn du Swatch. Ṣùgbọ́n Vermot ni èmi ń rántí bí mo bá gbé aago sétí.

Nípa yíyàn ńkọ́? Ohun kìíní tí mo máa ń wò ni inú aago, kì í ṣe ojú rẹ̀. Bàbá alágo kan wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn tí mo máa ń gbé aago lọ fún. Bí bàbá bá ti fi gíláàsì sójú tí ó ṣí ẹ̀yìn aago, kò pẹ́ tí yóò fi sọ bí ẹni tí ó ṣíwájú ti ṣe é. "Ọmọ mi," ni ó wí fún mi nígbà kan, "wo ojú ìdè yìí bí wọ́n ti ha á. Ẹni tí ó tú èyí, ọ̀bẹ ni ó fi tú u." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú ìdè. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ojú aago bóyá wọ́n ti tún un kùn. Ojú tí ó ti pọ́n díẹ̀ nítorí ọjọ́ orí sàn ju èyí tí ń kọ mànà lọ, nítorí ọ̀dà titun ní í sábà bo àléébù mọ́lẹ̀. Ara aago tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán títí tí igun rẹ̀ fi yó, ẹ má rà á. Ẹ sì bi ẹni tí ń tà á bí ó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí aago jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́ a máa ní ìtàn sọ.

Ìtàn a máa sọ owó di ńlá, nígbà mìíràn kọjá ohun tí ọgbọ́n gbà. Daytona kan wà tí Joanne Woodward rà fún ọkọ rẹ̀, òṣèré Paul Newman. Irú ojú tí aago náà ní kò tà rárá nígbà tí ó wà lórí àtẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n lu ú ní gbàǹjo ní New York ní $17,752,500. Aago kan ni o! Èmi kò rò pé aago ni ẹni náà rà. Orúkọ ni ó rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò níláti sún mọ́ ibẹ̀. Seiko 5, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1963, ń mú agbára láti ara mímì ọwọ́, ó ń fi ọjọ́ àti déètì hàn, ó ń gbójú sí omi díẹ̀, ó sì tọ́jọ́. Méjì ni mo ní, ọ̀kan sì dàgbà jù mí lọ.

Bàbá alágo kò ní ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́. Fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ń tún ṣe, kò sì sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Mo ti bẹ bàbá kí ó jẹ́ kí n máa wá jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé, kí n máa kọ orúkọ tí ó ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan àti ọ̀nà tí ó ń gbà tú wọn sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ti dé ojú ewé kejìlélógún. Aago tí mo ń wá lọ́wọ́ báyìí ni 6139 olójú pupa rúsúrúsú, irú èyí tí William Pogue fi owó ara rẹ̀ rà tí ó sì so lọ sí ojú sánmà nínú Skylab ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, láìjẹ́ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ tí a ń rí lórí àtẹ ni wọ́n ti fi ojú titun sí. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá rí ọ̀kan, n kò gbọdọ̀ sanwó kí òun tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.