Ọjọ́ Orí Lọ́rì ní Àríwá Èkìtì

Rélùwéè tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ kọrí sí Ìlọrin. Kò yà sí Èkìtì rárá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí kòkó Ìkọ̀lé àti iṣu Ìpáò kúrò lórí alárùú, inú lọ́rì ni wọ́n bọ́ sí tààrà. Ìlú tí ẹrù rẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jáde kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, nítorí náà ìbéèrè pé ìgbà wo ló yẹ kí èèyàn pa lọ́rì tì gbóná níbẹ̀ ju bó ṣe gbóná ní Òṣogbo lọ. Èrò tèmi ni pé láyé àwọn lọ́rì wọ̀nyí, kì í ṣe iye ọdún ló ń dáhùn ìbéèrè náà. Bí ẹni tó lè tún un ṣe bá wà nítòsí, tí páàtì rẹ̀ kò sì wọ́n, ọkọ̀ náà kò tíì darúgbó.

Ẹ wo bí bọ̀lẹ̀kájà, lọ́rì onípákó ayé àtijọ́, ṣe ń di ọkọ̀. Láyé Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, ẹ́ńjìnnì, ṣáásí àti imú ọkọ̀ ló sábà ń gba orí omi dé. Káfíńtà tiwa ló ń kan pákó sí i lẹ́yìn, tó ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, kí akọ̀wé ara ọkọ̀ tó wá kọ àdúrà tàbí òwe sí i níwájú. Láti ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ ló ti mọ̀ pé ohun tí òun rà kì í ṣe odindi kan. Pákó á jẹrà, wọ́n á kan òmíràn. Ẹ́ńjìnnì á kú, wọ́n á gbé òmíràn sí i. Ọkọ̀ á sì kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ọ̀nà oko nìkan ni yóò máa rìn. Ọjọ́ orí ta ni a fẹ́ kà nínú gbogbo wọn? Ti ṣáásí nìkan ló kù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Bedford ìgbà yẹn ń mu pẹtiróòlù. Dísẹ́ẹ̀lì ni ti Mercedes 911 tó wá gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀kan lára ìdílé ọlọ́mú kúkúrú tí Jámánì gbé jáde ní 1959. Ẹ́ńjìnnì OM 352 rẹ̀, onísìlíńdà mẹ́fà, kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná, kò sì mọ kọ̀ǹpútà. Afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ títí tó fi gbóná ló ń dáná ran epo. Bí agbára rẹ̀ bá dín kù, mẹkáníìkì á tú u lábẹ́ igi, á pààrọ̀ rìíńgì, á kó nọ́sùlù àti pọ́ǹpù lọ fún ẹni tó mọ̀ wọ́n yẹ̀ wò, kò sì ní pẹ́ tí ọkọ̀ á tún máa gbẹ́rù. Bedford kógbá wọlé nídìí lọ́rì ṣíṣe ní 1986, Jámánì náà ti fi 911 sílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ 911 ṣì ń gbé gẹdú ní Oǹdó àti Èkìtì nínú ọ̀rúndún tí a wà yìí. Ní Èkó, orí irú ṣáásí yìí ni wọ́n kan ọ̀pọ̀ mólúè lé. Ìjọba ló lé mólúè kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta 2008, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kọṣẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé òṣì lásán ni mo ń fún ní orúkọ rere. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, nígbà tó sì fi máa di 1999, ó ti lé ní 90 náírà kí a tó rí dọ́là kan rà. Lọ́rì tuntun tí iléeṣẹ́ ANAMMCO ń tò ní Enugu àti Leyland ní Ìbàdàn kúrò ní ohun tí oníṣòwò kòkó lè nawọ́ sí. Mo gbà pé ọ̀wọ́n fi ọdún kún ọdún. Àmọ́ bí òṣì bá jẹ́ gbogbo ìdí, ó yẹ kí tòkúnbọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, irú èyí tó gbòde ní Yúróòpù lẹ́yìn 1997, pẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ bíi ti 911, nítorí àpò kan náà ló ń sanwó méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tí imí-ọjọ́ àti omi wà nínú rẹ̀ a máa ba àwọn ohun ẹlẹgẹ́ inú rẹ̀ jẹ́, ẹni tó sì ní ẹ̀rọ tó lè ka àìsàn rẹ̀ jìnnà sí Ìpáò, Òkè-Àkò àti Ìrèlè. Ọmọdé ọkọ̀ á wà nínú koríko, àgbà á máa kọjá lọ.

Àtakò ti ẹ̀mí èèyàn ló le jù láti dáhùn. Lọ́rì tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán ń pànìyàn, ìfẹ́ tí mo ní sí 911 kò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé ọkọ̀ ńlá tó bá ti ju ọdún 10 lọ kò gbọdọ̀ máa wọlé mọ́, ọdún 5 ni ti ọkọ̀ kékeré. Òfin ẹnubodè nìyẹn. Kò mọ ohunkóhun nípa èyí tó ti wọlé, bíréèkì sì lè já lára ọkọ̀ ọdún mẹ́rin. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa wo bíréèkì, táyà àti iná, kí wọ́n fi ọdún sílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mi àlàyé mi yìí. Láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹfà 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan fò láti nǹkan bíi 290 náírà dé ohun tó lé ní 700. Ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ a máa mu epo ju èyí tó le lọ. Nígbà tí epo pọ́ọ́kú, mẹkáníìkì nìkan ni ìyẹn ń yọ lẹ́nu. Ní báyìí, inú owó iṣu tó ń lọ sí Èkó ni ọlọ́kọ̀ ti ń rí i. Mẹkáníìkì lè wà ní ìtòsí, kí páàtì kún ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, kí ọlọ́kọ̀ sì gbé lọ́rì rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.