Àmì àti Ìtumọ̀: Láti Orí Àrokò dé Ìjà Òrè

Kí Saussure tó máa kọ́ni ní Geneva láàrin 1907 sí 1911 pé àdéhùn àwùjọ ni ó ń fún àmì ní ìtumọ̀, àwọn baba wa ti ń pàrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rí owó, kò ní gbọ́ iṣẹ́ tí a rán.

Orúkọ ìlú pẹ̀lú a máa di àmì. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Benin. Wọ́n tẹ̀ síwájú dé Òrè, ní agbègbè Odìgbó, níbi tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Láti inú ogun náà ni a ti rí gbólóhùn náà: “Ó le kú, ìjà Òrè!”

Lónìí, a ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Kú” inú rẹ̀ kò bani lẹ́rù mọ́. Èrò mi ni pé àmì lè bo ohun tí ó bí i mọ́lẹ̀. Bí a bá fi gbólóhùn yìí kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a sọ fún un pé ènìyàn kú níbẹ̀, ní ìhà méjèèjì.