Ahọ́n Olùkọ́ Lórí Ìwọ̀n: Láti Èkó dé Arizona

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì wọn olùkọ́. Òfin ẹ̀kọ́ tí ó jáde fún Gold Coast àti Èkó ní ọdún 1882 gbé kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì lékè, kò sì ka èdè ilẹ̀ wa kún. Bí ọmọ bá ti ṣe sí nínú ìdánwò ni owó ìrànwọ́ ń tó ilé-ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, ẹ ó mọ irú olùkọ́ tí wọn yóò máa wá kiri nígbà náà.

Ti Arizona ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, ìpínlẹ̀ náà gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí Sípáníìṣì jẹ́ èdè abínibí wọn, kí wọ́n lè fi èdè méjèèjì kọ́ ọmọ àwọn àtìpó. Ní 2000, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fi máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tún dé ní 2002, pé kí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ olùkọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí yóò fi di 2010, àwọn alábẹ̀wò ń wọ kíláàsì lọ tẹ́tí sí olùkọ́. Ẹni tí ó bá pe 'the' ní 'da', wọn a kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí a mú ẹni tí ìpè rẹ̀ bá wúwo jù kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ní 2011 ni Arizona gbà láti jáwọ́.

Olùkọ́ tí kò lè to gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kò yẹ ní ẹni tí yóò máa fi kọ́ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ìpè ni ọ̀rọ̀ tèmi. Yorùbá kò ní ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ 'the', nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìwé alábẹ̀wò ì bá mú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Osi àti Iloffa wà lábẹ́ ìjọba Àríwá títí di 1967. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 kò kàn wọ́n. Èkìtì a máa pe 'ilé' ní 'ulé'. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò àfẹnusọ, máàkì mélòó ni àwa ń yọ, orí kí ni a sì ń yọ ọ́ sí?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí ó gbọ́ ọ dáadáa ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo tí ń bẹ ní kíláàsì kìn-ín-ní ní abúlé, òun ni yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò, òun náà ni alábẹ̀wò yóò wá tẹ́tí sí.