Láti Inú Àgbẹ̀dẹ Dé Ìdí Ẹ̀rọ: Ìgbanisíṣẹ́ ní Agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ lára rẹ̀. Òwe yìí bá irin wí, ó sì bá ọmọ iṣẹ́ wí pẹ̀lú. Ìlobùú, ìlú Olóbùú, àti Ìfọ́n, ìlú Olúfọ́n, jẹ́ aládùúgbò tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sì ti ń rí ọkọ́ àti àdá.

Inú ìdílé ni alágbẹ̀dẹ ti sábà máa ń rí ọmọ iṣẹ́. Ìdí ewìrì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ọmọdé sí. Bí ó ti ń fẹ iná ni ó ń wo bí àwọ̀ irin ti ń yí padà, tí ọ̀gá náà sì ń wo ìwà rẹ̀. Bí ó bá yá, wọn a fún un ní ẹ̀mú. Ẹ̀yìn èyí ni ọwọ́ rẹ̀ tó lè kan owú. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ, ibùsùn àti ọ̀nà àtijẹ ọjọ́ ọ̀la wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ mú ìyípadà bá àṣà yìí. Nígbà tí ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, àwọn ènìyàn agbègbè náà túbọ̀ rí iṣẹ́ tí ó ní aago àti owó oṣù. Ìjọba dá àjọ tí ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ITF, sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ní ọdún 1980 ni wọ́n dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo láti máa ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ń gé irin. Ìwé ẹ̀rí wá di ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń mú dání lọ wáṣẹ́.

Ìdiwọ̀n náírà ṣubú lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, àwọn èèlò ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ ìlọta tí ń ti òkè òkun wá sì gbówó lérí. Èyí fún ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ó ní ẹ̀rọ léètì láǹfààní. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti ń pọ̀ sí i, ìṣòro kan a dìde. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó bá gba òmìnira yóò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jáfáfá tí ó ti mọṣẹ́ yóò sì béèrè owó tí apá ọ̀gá kò ká. Ẹni tí ó kù láti gbà ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí yóò máa gbowó bí ó ti ń kọ́ṣẹ́.

Báwo ni wọn yóò ṣe mọ ẹni tí ó yẹ? Ìwé mẹ́wàá dára, nítorí ẹni tí kò lè ka ìwọ̀n tí kò sì mọ ìdá nínú ìṣirò yóò ba irin jẹ́. Síbẹ̀, ìwé kì í sọ bóyá ènìyàn ní sùúrù. Ẹ̀rọ tí ń yí kì í ṣàánú ẹni tí ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tàbí òrùka, tàbí ẹni tí ó fọwọ́ lásán kó èérún irin. Ẹni tí ó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ kí ó tó tan iná lè gbàgbé ẹ̀mí ara rẹ̀ síbẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974 bá àṣà àgbẹ̀dẹ pàdé lórí kókó yìí. Ó yọ̀ǹda kí òbí fi ọmọ tí ó ti ju ọdún 12 lọ, tí kò sì tíì pé 16, kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí kò ju ọdún 5 lọ, bí ọmọ náà bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n fi ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16 sídìí ẹ̀rọ. Ewìrì ṣáájú owú náà ni. Òfin yìí kan náà ní kí ọ̀gá kọ àdéhùn iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín oṣù 3. Èyí ni àṣà àtijọ́ kò ní: ẹnu lásán ni àdéhùn àgbẹ̀dẹ, ìbátan ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ìbátan nìkan kò sì tó mọ́. Ní ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹrin-Ọ̀ṣun. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí ọ̀gá sọ pé ọmọ ìlú òun nìkan ni òun yóò gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ìdajì àwọn tí ì bá yàn nínú wọn nù, bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ ìlú méjèèjì ni ó ń gbé ẹ̀rọ ìlọta wá ṣe, ọ̀kan náà sì ni ìwọ̀n irin ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n. Sùúrù, òótọ́ àti ojú tí ń ríran ni àgbẹ̀dẹ ń wá lára ọmọ iṣẹ́. Ohun kan náà ni ìdí ẹ̀rọ ń béèrè títí dòní.