Odó, Ọ̀nà àti Òkè: Ìtàn Ilé Olóúnjẹ àti Ibi Ìgbafẹ́ ní Ìhà Ìpáò àti Àríwá Èkìtì

Bí a bá ní kí òpìtàn wá sọ̀rọ̀ nípa agbègbè kan, ìtàn ọba, oyè àti ogun ni àwọn ènìyàn máa ń retí. N kò ní sá fún ogun lónìí, nítorí kò ṣeé sá fún. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé olóúnjẹ ni mo fẹ́ gbà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ẹni tó jáde nílé láti ṣe fàájì, ì báà jẹ́ àlejò tàbí ọmọ ìlú, ṣe di ẹni tó ń rí iyán rà jẹ àti ibi ẹlẹ́wà lọ wò ní apá àríwá Èkìtì, láti Ìdó àti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé, kí ó tó kan Ìpáò àti àwọn ìlú tó súnmọ́ ààlà Kogi. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn. Bí a bá ń bá a lọ, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kò sí ẹni tó jẹun rí ní Èkìtì tí kò mọ̀ pé iyán ni olórí oúnjẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé iyán pẹ́ kí ó tó di ọjà títà. Ẹ̀kọ, àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, iṣu sísun, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ti pẹ́ tí obìnrin Yorùbá ti ń gbé ka orí igbá lọ sí ọjà àti ìkóríta. Ẹ wo ẹ̀kọ: ewé ni a fi ń pọ́n ọn, ó ṣeé kà, ó ṣeé rù, bí ó bá di ọjọ́ kejì kò tíì bàjẹ́. Iyán kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó gún un, a ó bẹ iṣu, a ó sè é, a ó wá ẹni tó lágbára tí yóò di ọmọ odó mú. Bí ó bá kúrò nínú odó, kí ó tó tutù ni a gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Òwe tó ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́ kò sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ rárá, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀; ẹni tó bá fi iyán àná síwájú ọkọ ní Èkìtì yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ń fẹ́.

Ìdí kejì tilẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àlejò tó bá wọ ìlú kò níí ra iyán, nítorí pé ilé kan ni yóò wọ̀ sí. Onílé ni yóò gún iyán fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀. Láti gba owó iyán lọ́wọ́ àlejò jẹ́ ìtìjú tí ìdílé kò níí fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Nítorí náà, kí iyán tó lè di ọjà, àlejò kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú, tí kò sì ní sùn. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní sànmánì tí ìrìn-àjò jẹ́ ewu.

Ewu náà kò kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin láti Ìlọrin ń kọlu àríwá Èkìtì láti apá kan, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ń gba apá Kàbà àti Àkókó wọlé, Ìbàdàn sì ń ti gúúsù bọ̀. Ìlú tó wà létí ààlà, bí irú Ìpáò, ni irú ogun bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń so orúkọ Èkìtì pọ̀ mọ́ òkìtì, èyí tí í ṣe òkè. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ti wáyé tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó dájú ni pé òkè ni ààbò. Ẹṣin kò lè gun àpáta. Àwọn òkè tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn lónìí kí wọ́n lè ya fọ́tò ni àwọn baba ńlá wọn sá gùn kí a má baà kó wọn lẹ́rú. Nígbà tí ẹnìkan bá dúró lórí òkè tó ń wo ojú ọ̀nà nígbà náà, kì í ṣe ẹwà ni ó ń wò.

Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni ó da Èkìtì pọ̀ lábẹ́ orúkọ Èkìtìparapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni Gómìnà Carter ti Èkó tó rí i pé àwọn ọmọ ogun tú ká kúrò ní bùdó. Ní ti àríwá, ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìlọrin ní oṣù kejì. N kò yin àwọn òyìnbó fún èyí, nítorí pé àǹfààní ara wọn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ni ẹnìkan lè gbéra láti Iléṣà kí ó sì rìn dé Ìkọ̀lé láìmú ìbọn dání.

Àwọn tó kọ́kọ́ lo àǹfààní yìí ni àwọn oníṣòwò aṣọ tí a ń pè ní Òṣómàáló, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Wọn a tà aṣọ láwìn káàkiri abúlé. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn a ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó yóò fi jáde. Ẹ rò ó wò: ta ni yóò gún iyán fún ẹni tó wá sin gbèsè? Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó kò ní ṣe é lálejò. Àfi kí ó ra oúnjẹ. Mo gbà pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí wà lára àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ tí ilé olóúnjẹ ní ní Èkìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kò fi ìyìn náà fún wọn.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Kò gba Èkìtì kọjá. Ohun tí àwọn baba wa kà sí àdánù ni èyí, wọn kò sì ṣìnà, nítorí kòkó àti iṣu Èkìtì ní láti fi mọ́tò rìn kó tó dé ibi tí a ti ń ta á. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ tirẹ̀, ó ní àkókò tirẹ̀. Mọ́tò ẹrù ń dúró níbi tí ó bá wu dírẹ́bà. Bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tí èrò inú rẹ̀ ń kojú ara wọn, ni ó sọ ìkóríta di gáréèjì. Gáréèjì sì ni ó bí búkà.

Ọ̀rọ̀ Hausa ni búkà, àtíbàbà oníkoríko ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: igi mẹ́rin, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, bẹ́ǹṣì gígùn kan, àti odó lẹ́yìn. Odó yìí ni ó yí ìtàn padà. Dírẹ́bà kì í sùn nílùú, kò mọ ẹnikẹ́ni, ebi sì ń pa á. Òun gan-an ni àlejò tí iyán ti ń retí. Obìnrin tó ní búkà kò ní pátákó. Ìró ọmọ odó ni ìpolówó rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé iyán náà kò tíì tutù. Nígbà tó yá ni àwọn pátákó dé, tí wọ́n kọ "Food is ready" sí pẹ̀lú ẹfun, kódà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kà á. Ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́ bí ọdẹ bá rí pa, ẹmu láti inú akèrègbè: oúnjẹ ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ní iye. Owó tí ìyá kan rí níbẹ̀ kò kọjá lọ́wọ́ ọkọ; mélòó nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín ni a kò fi owó odó rán nílé-ìwé? Ní ọdún 2011 tí wọ́n dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di oníbàárà tuntun. Ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti ibi ìgbafẹ́, Ìkógosí ni gbogbo ayé mọ̀, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ní orogún méjì tó ń jà ni wọ́n di omi. Mo ti gbọ́ ìtàn orogún púpọ̀, n kò rí èyí tó ní èrè tó bẹ́ẹ̀. Ní 1952 ni John McGee, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí tún ibẹ̀ ṣe, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí sì tún un kọ́ láàárín 2010 sí 2014. Ìṣàn-omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn Èkìtì ni gbogbo ìwọ̀nyí wà. Àríwá ní tirẹ̀: ìdídò omi Ìtapájì, tó tẹ́ rẹrẹ láàárín igbó, àti òkè tó yí àwọn ìlú ká. Ẹni tó bá ti Ìtapájì gba Ìpáò kọjá sí Òkè-Àkọ́ àti Ìrèlè ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kò níí nílò ajíhìnrere tí yóò fi ẹwà hàn án.

Ọ̀nà yìí kan náà ni a pa ọba méjì sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ àwọn ọba mẹ́ta tó ń padà bọ̀ láti ìrìn-àjò dúró ní ìhà Ìpáò. Wọ́n pa Onímọ̀jọ̀ ti Ìmọ̀jọ̀ àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì; Alárá ti Àrá ni ó bọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ gbé ní Ẹmùré. Ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, ti wà nígbà náà. Ìyẹn kò sì gba àwọn ọba náà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn pé owó àti ìpolówó ni ibi ìgbafẹ́ wa nílò, pé bí a bá kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí etí omi, àlejò yóò dé. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí ìtàn odó fi hàn mí ni pé kì í ṣe ilé ni ó bí búkà, àlejò tó ń kọjá láìbẹ̀rù ni. Bí dírẹ́bà bá ń sáré kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní gbọ́ ìró odó. Àgbẹ̀ tó sì ń bẹ̀rù oko kò ní rí iṣu mú wá fún ìyá olóúnjẹ, nítorí náà láti ìhà méjèèjì ni ọjà náà ti ń gbẹ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òkè tún ti padà di ohun tí à ń wò pẹ̀lú ìfura, pé ta ni ó wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí n ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí dáwọ́ lé. Àwọn ìyá tó kọ́kọ́ gún iyán tà ní gáréèjì Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ti ń lọ. Àwọn ọmọ wọn ni ó kù, àwọn náà sì ti dàgbà. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè ọdún tí ìyá wọn ra odó àkọ́kọ́, ẹni tó gbẹ́ ẹ, ibi tí iṣu ti ń wá, àwọn dírẹ́bà tí wọ́n jẹ gbèsè tí wọn kò san. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oúnjẹ ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe pè é. Bí ẹ bá sì ń lọ sí apá Ìpáò, ẹ tètè gbéra ní àárọ̀, kí ẹ sì sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ.